Apapa, Sìmẹ́ńtì àti Portal Tó Ń Kú Lóru

Aago méjìlá òru ni wọ́n ṣí portal ibùsùn họ́stẹ́ẹ̀lì nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sùn. Ẹni tó ní dátà ń pín in fún ẹni tí tirẹ̀ ti tán, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ṣí ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni tí fóònù rẹ̀ fẹ́ kú jókòó ti ògiri níbi tí iná wà. Nígbà tí aago méjìlá fi ìṣẹ́jú méjì kọjá, ojú ewé náà funfun báláú. A tẹ̀ ẹ́, a tún un tẹ̀. Nígbà tó fi máa jí ní nǹkan bí aago mẹ́ta, ibùsùn ti tán. Wọ́n yọ owó ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rí ibùsùn kan ṣoṣo. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ibùsùn tí wọ́n ní ó ti tán ti wà lọ́wọ́ àwọn kan tí wọ́n ń tà á ní ìlọ́po mẹ́ta iye rẹ̀.

Mo gbé ẹjọ́ náà délé, ní Ajegunle. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti ń wa trélà wọ Apapa kí wọ́n tó bí mi, gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ohun tí ẹ ń lọ kọ́ nílé ìwé náà nìyẹn? Mile 2 ni wọ́n kàn gbé wọ inú fóònù yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ní sáà yìí ó tún padà wá bá mi, nítorí pé àwa márùn-ún ní ẹ̀ka wa ni wọ́n ní kí a kọ́ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ó fi ta tíkẹ́ẹ̀tì àsè ìparí ọdún. Tíkẹ́ẹ̀tì 400 ni. Àwọn tó ń fẹ́ ẹ yóò ju 2,000 lọ, gbogbo wọn ni yóò sì dé ní ìṣẹ́jú kan náà. Irú ọjà tí nǹkan kò tó, tí èrò pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì máa ń tán kí ojú tó mọ́ yìí ni àwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń pè ní flash sale. Ọ̀kan nínú wa ní kí a ṣáà yá sáfà tó lágbára, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí yóò máa dá gbogbo ènìyàn lóhùn, kí a sì jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Èmi ní rárá. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ náà kò já gaara lẹ́nu mi. Bóyá yóò dára jù bí mo bá kọ ọ́. Ìtàn Apapa ni ẹ̀rí mi.

Orúkọ Ajegunle fúnra rẹ̀ ti sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ajé gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ajé náà gúnlẹ̀ sí. Apapa ni èbúté wà, Apapa ni àwọn ilé ńláńlá tí òyìnbó kọ́ wà. Ajegunle, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù, tó ń wa ọkọ̀, tó sì ń se oúnjẹ fún wọn ń sùn sí. Ọjà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ń jẹ́ Boundary, orúkọ tí kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ní 1926 ni wọ́n parí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Apapa, níbi tí ọkọ̀ òkun ńlá ti lè sún mọ́ etí ilẹ̀ já ẹrù. Ní oṣù kẹrin 1955 ni àjọ tó ń bójú tó èbúté ní Nàìjíríà, NPA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde kò pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè ká lọ. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni 1975.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì, pàápàá nígbà tí iye epo fò sókè ní òpin 1973. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon fẹ́ kọ́lé, fẹ́ la ọ̀nà, fẹ́ kọ́ bárékè fún àwọn ọmọ ogun. Sìmẹ́ńtì tí a ń ṣe nílé kò tó. Wọ́n bá tọwọ́ bọ àdéhùn 109 pẹ̀lú àwọn olùtà 68 ní òkè òkun, fún sìmẹ́ńtì tó lé ní mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù, tí owó rẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là. Inú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kan tí n ó dárúkọ láìpẹ́ ni mo ti rí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí. Ìdájọ́ kan náà sọ pé ohun tí èbúté Èkó àti Apapa lè gbà lọ́dún kò ju mílíọ̀nù kan sí mílíọ̀nù márùn-ún tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ.

Ẹ ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú mi. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan lọ́dún, ọdún 16 ni wọn yóò fi já a tán. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀, ìyẹn bí èbúté kò bá ní já ìrẹsì, ẹ̀rọ tàbí ohunkóhun mìíràn. Ọmọ JSS 1 lè ṣe ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kì í ṣe ẹni tó dúró létí omi tó ń ka àpò, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tó kọ́ ojú ewé tí a ti ń tẹ "Rà á" kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí ọjà bá tán.

Nígbà tó di àárín ọdún 1975, ọkọ̀ tó lé ní 400 ti dúró lójú omi níwájú Èkó. 260 nínú wọn ló kó sìmẹ́ńtì. Àwọn àgbà tó rántí ọdún náà sọ fún mi pé bí ènìyàn bá dúró ní Bar Beach lálẹ́, iná àwọn ọkọ̀ náà dà bí ìlú mìíràn tó tẹ̀dó sójú òkun.

Ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ẹni tó bá ń kọ́ portal gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ẹni mowó.

Àkọ́kọ́ ni ti ohun tó wà lẹ́yìn sìmẹ́ńtì. Bí 260 bá kó sìmẹ́ńtì nínú 400, èyí tó kù kó ohun mìíràn tí ará ìlú nílò. Wọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìlà kan náà ni wọ́n wà. Nílé ìwé wa, òru tí wọ́n ń ta ibùsùn ni ẹni tó fẹ́ wo èsì ìdánwò rẹ̀ kò rí i wò, nítorí sáfà kan náà ló ń ṣe méjèèjì.

Èkejì ni pé ẹrù ń bàjẹ́ lórí ìlà. Bí ọ̀rinrin òkun bá wọ inú àpò sìmẹ́ńtì, òkúta ló dà. Ẹni tó ti fi ibùsùn sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí portal, tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́, náà ti gbé òkúta kan sílẹ̀. Ibùsùn yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí lórí àtẹ.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Nínú òwò ọkọ̀ òkun, bí ọkọ̀ bá dúró kọjá iye ọjọ́ tí àdéhùn sọ, ẹni tó ra ẹrù ni yóò máa san owó ìdádúró fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ìjọba ti gbà bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àdéhùn náà. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé kò pẹ́ tí àwọn oníwàyó fi fura: wọ́n wá ọkọ̀ ògbólógbòó, wọ́n da sìmẹ́ńtì sínú rẹ̀, wọ́n ní kó lọ dúró ní Èkó. Kò kàn wọ́n bóyá ó jáwọ́ ẹrù tàbí kò já a. Ìdúró fúnra rẹ̀ ti di òwò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, àwọn ọkọ̀ ògbólógbòó wọ̀nyí ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní bot, tó ń bá olówó rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ìwọ tó ṣẹ́jú. Kò fẹ́ jó níbi àsè. Kò fẹ́ sùn sórí ibùsùn. Ó fẹ́ di ipò mú kí ó tà á fún ẹ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1975, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Murtala Muhammed jogún orílẹ̀-èdè, ó sì jogún àwọn ọkọ̀. Nínú oṣù kẹjọ, NPA gbé ìkéde kan jáde: láti ọjọ́ 18 oṣù náà, ọkọ̀ tó bá fẹ́ wá sí Èkó gbọ́dọ̀ fi ìgbà tí yóò dé tó àjọ náà létí ní oṣù méjì kí ó tó gbéra, èyí tí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò ní dá a lóhùn. Ní oṣù kejìlá, òfin ológun fi ìjìyà ọ̀daràn kún un. Ìjọba ní kí àwọn olùtà dáwọ́ dúró, ó sì dá owó tó yẹ kí báńkì san fún wọn dúró.

Mo ka ìkéde oṣù kẹjọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń kọ́ wa pé kí a ṣe gan-an ni: má jẹ́ kí ẹrù gbéra títí ìwọ yóò fi mọ ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Ìwé ni wọ́n fi ṣe é, láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn tí ọkọ̀ 400 ti dé ni wọ́n ṣe é, kò sì sí òfin tó lè sọ fún ọkọ̀ tó ti dé pé kò dé.

Àwọn olùtà gbé Nàìjíríà lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka òfin mọ̀ ọ́n jù mí lọ: ẹjọ́ Trendtex àti Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní London, tí Lord Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ní 1977, tó sọ pé báńkì náà kò lè sá sábẹ́ ààbò ìjọba nínú ọ̀rọ̀ òwò, àti ẹjọ́ Texas Trading ní New York, ní 1981, níbi tí àwọn nọ́ńbà òkè yẹn ti wá. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kárí ayé ń ka ọ̀rọ̀ ìlà Apapa, wọn kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlà ni. Ìjọba kọ́ èbúté mìíràn kíákíá ní Tin Can Island, ó ṣí ní 1977. Sáfà tó lágbára, bí ọ̀rẹ́ mi yóò ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò ní Èkó fún ìṣẹ́jú kan, nítorí ibi yìí ni àríyànjiyàn àwa méjèèjì wà gan-an. Ọkùnrin kan wà ní Denmark, Agner Krarup Erlang, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Copenhagen. Láti 1909 ló ti ń tẹ ìwé jáde lórí bí ìpè tẹlifóònù ṣe ń tò jọ. Nínú ẹ̀kọ́ tó ti ibẹ̀ dàgbà ni ìṣirò kan tó yẹ kí wọ́n kọ sára ògiri gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba ti jáde. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá ènìyàn lóhùn, àwọn ènìyàn sì ń dé bó ṣe wù wọ́n, tí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì dọ́gba. Bí ó bá ń fi ìdajì àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́, ní ìpíndọ́gba ènìyàn kan ni ẹ ó bá níwájú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá gba ìdá 90 nínú 100 àkókò rẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án. Bí ó bá gba ìdá 99, ènìyàn 99. Bí ó bá kọjá 100, kò sí iye kankan mọ́: ìlà náà yóò máa gùn lójoojúmọ́ títí tí nǹkan yóò fi já.

Ẹ wo bí ó ṣe ń fò láti mẹ́sàn-án sí 99. Ìdí nìyí tí portal fi máa ń dára ní aago 11:59, tí yóò sì kú ní 12:02. Kì í rọra ṣàìsàn. Àti pé nígbà tí ó bá ti ń lọ́ra, àwa fúnra wa ló máa ń pa á, nítorí ẹni tó bá tún ojú ewé ṣí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ti di ènìyàn mẹ́wàá lójú sáfà. Nígbà tí Ticketmaster ta tíkẹ́ẹ̀tì Taylor Swift ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá 2022, mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 3.5 ìbéèrè ló wọlé sí ètò wọn. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láti 1976 nìyẹn o.

Mo padà sí Apapa. Ní 2006, ìjọba gbé àwọn tẹ́mínà èbúté fún àwọn aládàáni. Ẹrù ń já kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kọ̀ǹténà ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n reluwe kò gbé wọn tó, àwọn àgbá epo ńláńlá tún kún Apapa, táńkà ń wá gba epo níbẹ̀ láti gbogbo ìpínlẹ̀, títì tó gba ibẹ̀ sì ti jẹ. Ìlà tó wà lójú òkun ní 1975 gun òkè wá sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn 2010, ó ti gba Ijora, ó gun Eko Bridge, ó dé iwájú National Stadium ní Surulere. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gba Tin Can dé Mile 2 ó sì kọjá ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìlà rí, ó ń sùn sábẹ́ trélà, ó ń wẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì.

Nígbà tí títì ńlá bá kún, trélà á yà wọ inú àdúgbò. Boundary kún, Mobil Road kún. Nígbà tí mo wà ní jùníọ̀, àárín táyà ni a ń gbà lọ sílé ìwé, ìyá mi sì kọ́ mi pé kí n má gba abẹ́ kọ̀ǹténà tí wọn kò fi irin dè mọ́lẹ̀. Kì í ṣe àwa la pàṣẹ ẹrù yẹn. Kì í ṣe àwa la ni í. Ìlà tí èbúté kò gbà sílé ni ó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi gbà á bí ẹnì kan bá sọ pé ètò òun kò ní ìlà. Ó ní in. Ó ti tì í sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn ni.

Síbẹ̀ n kò lè purọ́ pé gbogbo Ajegunle ló kórìíra rẹ̀. Àbúrò ìyá mi ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn awakọ̀ yẹn fún ọdún mẹ́fà, owó náà ló fi rán ọmọ méjì lọ sí póli. Àwọn kan ń gba owó láti fi jẹnẹrétọ̀ sọ iná sínú fóònù awakọ̀, àwọn kan ń ta omi ìwẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí òwò tiwọn jẹ́ pé kí ìlà má tètè rìn: ẹni tó bá fún wọn lówó yóò kọjá, ẹni tí kò bá fún wọn yóò dúró. Bí ìlà bá ti pẹ́, ó máa ń bí àwọn tí ó ń bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tú u ká gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọn kò ní jókòó máa wò ó.

Ní oṣù karùn-ún 2019, ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Igbákejì Ààrẹ Yemi Osinbajo láti tú Apapa sílẹ̀, Kayode Opeifa ló ń darí iṣẹ́ náà lójú títì. Títì mọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń pe ọkọ̀, ènìyàn ló ń pinnu ẹni tó kàn, àwọn awakọ̀ kò sì yé kùn nípa owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni gbogbo ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kọ̀ǹpútà ni kí ó máa pè.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì 2021 ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pè. NPA, tí Hadiza Bala Usman jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, gbé áàpù kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ètò. Ilé-iṣẹ́ Truck Transit Parks ló ń bá wọn ṣe é. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ gbọ́ Yorùbá, mo sì fẹ́ràn orúkọ náà dọ́ba. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: olówó trélà yóò forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, yóò sọ tẹ́mínà tó ń lọ, yóò sanwó, wọn yóò fún un ní ọjọ́ àti wákàtí. Trélà yóò dúró sí páàkì tó jìnnà sí èbúté, kì í ṣe lórí afárá. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, wọn yóò pè é sí páàkì kejì nítòsí géètì, lẹ́yìn náà ni yóò tó wọ èbúté. Èyí tí kò ní ìwé ìpè kò gbọdọ̀ yọjú sí títì.

Ìkéde oṣù kẹjọ 1975 ni, tí wọ́n gbé wọ inú fóònù. Ní ti pé kí a kọ́ ètò tí ọ̀pọ̀ èrò yóò máa du nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, n kò rò pé ìwé kan wà tí yóò kọ́ ọ dára ju bí wọ́n ṣe yà á sórí bébà yìí lọ: ibi ìdúró jìnnà sí ibi iṣẹ́, géètì méjì, ìwé tó ní àkókò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú wa rí i. Afárá ṣófo. Àbúrò ìyá mi jókòó ti ìkòkò ìrẹsì rẹ̀, kò rí ẹni tà á fún. Ó ní òun ń yọ̀, òun sì ń sunkún.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, trélà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Kò burú tó ti tẹ́lẹ̀, n ó sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tò. Àwọn ẹgbẹ́ olówó trélà pariwo nínú ìwé ìròyìn pé àwọn kan ń gba ìwé ìpè jọ, wọ́n ń tún un tà ní iye tó ju ti áàpù lọ. Pé ètò náà máa ń dákú. Pé ojú títì ṣì kún fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró láti gbowó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ tirẹ̀ fún mi báyìí: "Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n pè mí. Mo dé ibẹ̀ ní mẹ́wàá géérégé. Trélà mẹ́fà tó wà níwájú mi, kò sí ẹyọ kan tó ní ìwé. Mo bá fi fóònù han ọkùnrin tó dúró síbẹ̀, ó ní fóònù mi kò mọ̀ ọ́n."

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé áàpù náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó pè é, ó sì pè é ní àkókò. Géètì kejì ni kò sí lábẹ́ áàpù. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwa tó ń kọ́ irú nǹkan báyìí kì í ronú sí: bí kireeni kan bá dúró ṣíṣẹ́ nínú èbúté, tàbí tí àyè kọ̀ǹténà òfìfo kún, ìwé ìpè tí wọ́n ti tà fún ọ̀la kò mọ̀. Àfi kí ìròyìn máa rìn padà láti inú lọ sí ìta, kí inú máa sọ pé "ẹ dín in kù", kí ìta sì gbọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kàn jẹ́ ìlérí tí ẹlòmíràn ṣe lórúkọ ẹni tí kò sí nílé.

Ẹ rántí oṣù kejì 2023, nígbà tí owó náírà ti di ẹ̀gbin wíwá, tí gbogbo Nàìjíríà sáré wọ orí áàpù báńkì lẹ́ẹ̀kan náà. Owó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kò dé ọwọ́ ẹni tó ń ta ata. Ẹ̀rù bà ọ́, o tún un tẹ̀, ó tún kúrò. Ètò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fún ìrìnàjò owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo kí ó tó gbéra, tó fi jẹ́ pé bí o bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nọ́ńbà kan náà ni yóò rí, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò sì yọ owó. Kò nílò sáfà ńlá. Ó nílò kí ẹnì kan ti rò ó ṣáájú.

Ẹnì kan yóò ní, ṣé àwọn ará China kò ń fi sáfà ńlá ṣe é ni? Wọ́n ń ṣe é. Ní ọjọ́ ọjà oṣù kọkànlá 2020, Alibaba ní àwọn gba ìbéèrè ọjà 583,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo nígbà tí èrò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n 2009 ni wọ́n ti ń ta ọjà ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ ọdún mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn. Nílé níbí, Konga ta ọjà ẹ̀dínwó tirẹ̀ ní òpin oṣù kọkànlá 2014, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Yakata. Ẹ dákun, ta ló gbà wọ́n nímọ̀ràn? Ẹni tó bá ṣubú tí ẹsẹ̀ méjèèjì ya síra ni a máa ń sọ pé ó ṣubú yàkàtà, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí àwọn tó ń ṣọ́ sáfà máa ń lá lóru ọjọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo gbé wá sípàdé rèé. Ènìyàn 2,000 kò nílò láti dé ibi ìsanwó, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì 400 ló wà. Kí a ṣe ojú ewé kan fúyẹ́fúyẹ́ síwájú, tí kò bá àkọsílẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ rárá, páàkì tó jìnnà sí èbúté. Gbogbo ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, kí a po wọn pọ̀, kí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bí orí ẹni bá ṣe ṣe é, kí ó má jẹ́ pé ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yá jù ló borí. Ẹni 20 ni kí a máa pè lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí a bá pè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti sanwó. Bí kò bá san án, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á padà sórí àtẹ, a ó pe ẹni tó kàn. Bí ibi ìsanwó bá ń lọ́ra, ẹni mẹ́wàá ni a ó máa pè dípò 20. Nígbà tí 400 bá pé, kí ojú ewé sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lọ sùn. Sáfà kékeré tí ẹ̀ka wa ní tẹ́lẹ̀ yóò gbé e. Ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ sáfà ńlá kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò ṣàlàyé fún wọn ìdí tí wọ́n fi ń dúró."

Mo gbé e lọ ka fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ti nọ́ńbà, ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti páàkì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn?"

Mo kọ́kọ́ rò pé kò yé e. Ó yé e. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e ni ìgbìmọ̀ àsè sọ fún wa pé kí a yọ tíkẹ́ẹ̀tì 60 sọ́tọ̀ kí a tó ṣí ètò náà, fún àwọn àlejò àti àwọn tó yẹ ká yẹ́ sí, kí a má sì dá a sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí wọ́n bá máa yọ ọ́, 340 ni ojú ewé náà yóò kọ, kì í ṣe 400. Wọ́n ní mò ń ṣe bí ẹni tí kò mọ bí ayé ṣe ń lọ. Méjì nínú àwa márùn-ún wà lẹ́yìn mi, ẹnì kan kò tíì sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ sáfà ńlá sì ní òun fẹ́ lọ rò ó sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni a tún máa pàdé.